Àlejò Tó Wá Gba Nǹkan Wọn Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Abà Aráròmí,
Lọ́nà Ìkirè.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí òjò dá.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Ìsọlọ̀ ńkọ́, yàrá rẹ ńkọ́, ìyàwó tó ń dáná lẹ́nu ọ̀nà yín tí èéfín rẹ̀ máa ń wọlé ńkọ́, obìnrin tó fún mi ní àga jókòó ní ọjà Aswani lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn mí ńkọ́? Bí ìwé yìí bá bá ọ nínú àlàáfíà, mo dúpẹ́. Bó bá sì bá ọ níbi tó o ti ń ronú, kí ìrònú náà gba ojú fèrèsé jáde bó o ṣe ń kà á lọ. Àwa náà ń bẹ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ìbejì ni, akọ kan abo kan, abo yẹn ni kò jẹ́ ká sinmi. Eyín tó ń yọ Bàbá Súnkànmí àbúrò bàbá rẹ lẹ́nu ti kúrò, ó wá ń fi àlàfo rẹ̀ súfèé kiri àdúgbò. Pásítọ̀ kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé páànù orí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní o ò gbàgbé, owó ni kò tíì rántí rẹ.

O máa fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí o rà fún mi wà nílẹ̀. Fóònù náà wà, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ti pa á, mo fi gèlè wé e, mo sì tì í mọ́ inú àpótí, nítorí pẹ̀lú ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun tó ń mọ ibi tí èèyàn wà jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìsmáílà tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó ata lọ sí Òṣòdì ló máa mú ìwé yìí wá. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kà á. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀wé kà. Mo ní ìyẹn náà dáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀dọ̀ rẹ ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo wá kí ọ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. O rántí ọjọ́ tí o mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ ní Ṣógúnlé, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà. O dojú àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n ń gbé kiri bolẹ̀ lórí tábìlì, o mú kálámù onírin kan tó ń lo iná, ó ń kùn bí agbọ́n, o wá ń fi kọ nǹkan sí wọn nísàlẹ̀ ikùn. Mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n ṣe. O ní àwọn kan ti sọnù, ọ̀gá yín ló ní kí ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà sí gbogbo wọn lára, kó lè ṣòro fún olè láti tà wọ́n, kí ẹni tó bá sì rí wọn lè mọ ilé tí wọ́n ti wá. Mo ní áà, ilà ni ẹ ń kọ fún wọn nìyẹn. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ tèmi náà nìyẹn. Mo tún béèrè bóyá ẹ ti wá omi ìgbín tí ẹ máa kán sójú egbò náà, o ní kò nílò rẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ní ẹ kánjú ṣe é.

Níbẹ̀ náà ni mo ti rí Kọ́láolúwa, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní yàrá ẹ̀yìn. Òun ló gbé àga fún mi, òun ló ra ẹlẹ́rìndòdò tútù fún mi, Mọ́mì ló ń pè mí látìgbà tí mo ti wọlé títí mo fi jáde. Mo sọ fún ọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọmọ tó mọ èèyàn-án tọ́jú nìyẹn. O ní kí n fi í sílẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń padà bọ̀ wálé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ, o ń kọ́ àwọn kan, a sì ti gbé ẹrù mi wá sí Ṣógúnlé kí n lè ti ibẹ̀ lọ sí gáréèjì ní Òṣòdì. Kọ́láolúwa ní òun máa sìn mí lọ. Ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan wá láti yàrá ẹ̀yìn, ó ti fi ọ̀rá dúdú wé e, ó sì fi okùn dì í. Ó ní àtẹ ìgbálejò ni, ẹ̀bùn fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kan tó ń jẹ́ Aaron, tó ń gbé ní ìtòsí wa níbí, pé Aaron máa wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tì í sísàlẹ̀ báàgì mi, lábẹ́ aṣọ tí a rà ní Aswani. Ó ní kí n má sọ fún ọ o, pé o máa ní òun ń fi ẹrù da ìyá rẹ láàmú. Mo ní ọmọ yìí mà ní ìtẹríba. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà yín, tó ń tú báàgì gbogbo ẹni tó bá ń jáde, kò tú tèmi rárá, ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ tó ní kí n kí àwọn ará ilé. Mo gbàdúrà fún òun, mo gbàdúrà fún Kọ́láolúwa. Àdúrà ti Kọ́láolúwa gùn, láti Ṣógúnlé títí dé Òṣòdì.

Nígbà tí mo délé, mo ti àtẹ náà sábẹ́ ibùsùn mi, mo gbé àpò ẹ̀gúsí lé e kí eku má bàa dé ibẹ̀. Aaron pè mí, ó ní òun rin ìrìn àjò, kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo ní kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ìwọ náà pè, o ní wọ́n fún ọ ní ìsinmi níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ kéré. Mo ní kí o sùn dáadáa, kí o jẹ ẹ̀fọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń ṣa igi, mọ́tò funfun kan dúró síwájú ilé wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, irun orí rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn díẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Obìnrin náà sanra dáadáa, ó wọ ànkárá, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri ilé. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni Olúbọ̀wálé, ọ̀gá rẹ ní Ṣógúnlé. Mo fún wọn lómi, mo fún wọn ní dòdò Ìkirè, mo bi wọ́n léèrè ọ̀nà. Olúbọ̀wálé wá tún ara ṣe lórí àga, ó ní:

"Màmá, ẹ má bínú sí wa. Nǹkan wa kan wà nínú ilé yín níbí, ó pẹ́ tí a ti ń wá a. A fẹ́ kí ẹ jẹ́ ká mú un lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ariwo."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ìwọ náà gbọ́ ọ. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun, tó sì mú obìnrin àgbà dání, tí kò ní mọ ohun tó bá wá? Ara mi yá gágá. Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, mo fún ẹnu pọ̀, nítorí ìyá ìyàwó kì í tètè yọ̀. Mo ní nǹkan pọ̀ nílé wa o, èwo ni tiwọn nínú rẹ̀. Ó ní èyí tó jẹ́ tàwọn ní àmì lára. Mo ní níbo ni àmì ọ̀hún wà. Ó ní nísàlẹ̀ ni, pé ó dìgbà tí èèyàn bá yí i dà kó tó rí i.

O mọ̀ pé àmì wà lára rẹ látọjọ́ tí mo ti bí ọ, o sì mọ ibi tó wà. Mo wá ń rò ó pé báwo ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ ṣe rí i. Ojú tì mí débi pé mo dìde, mo ní kí n ránṣẹ́ pe ẹbí bàbá rẹ.

Bàbá Súnkànmí dé pẹ̀lú fìlà lórí. Mo ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé àna ti dé, pé ọ̀rọ̀ náà sì ti jìnnà ju bá a ṣe rò lọ. Ó jókòó, ó béèrè pé ta ni agbẹnusọ wọn. Obìnrin náà ní òun ni, òun ń jẹ́ Beatrice. Bàbá Súnkànmí bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá gbà. Beatrice ní àwọn ò tíì rí i, ó sọnù ni. Bàbá Súnkànmí ní ọmọ tiwa ò sọnù, ó wà ní Ìsọlọ̀, ó sì ń pe ilé déédéé. Beatrice ní ọmọ wo. Bàbá Súnkànmí ní ọmọ tí ẹ wá tọrọ. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Beatrice wá yọ káàdì kan nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí Bàbá Súnkànmí, káàdì ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀. Bàbá Súnkànmí gbé e jìnnà sójú, ó wo fọ́tò tó wà lára rẹ̀ dáadáa, ó ní fọ́tò náà dára, ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n nílé tiwa fọ́tò kọ́ ló ń ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ ni.

Olúbọ̀wálé mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí n wò ó. Àwòrán ọ̀nà wà nínú rẹ̀, iná bíńtín kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń tàn tó ń kú bíi tanátaná. Ó ní ibi tí a jókòó sí yìí nìyẹn, Aráròmí, ohun tí wọ́n ń wá ló ń tàn yẹn. Ó dìde, ó ń tẹ̀lé fóònù lọ bí ẹni tó ń tẹ̀lé òórùn ọbẹ̀, ó gba pálọ̀ kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó tọrọ ààyè. Ó tẹ nǹkan kan. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ ibùsùn mi, tíọ́, tíọ́, bí ọmọ adìyẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Mo pe orúkọ Jésù. Bàbá Súnkànmí bọ́ fìlà.

Wọ́n gbé àpò ẹ̀gúsí kúrò, wọ́n fa àtẹ Kọ́láolúwa jáde, wọ́n tú okùn rẹ̀. Kì í ṣe àtẹ. Kọ̀ǹpútà ni. Olúbọ̀wálé ní òun fi nǹkan kékeré kan bíi bọ́tìnnì pamọ́ sínú rẹ̀, kò sí ẹni tí òun sọ fún, bọ́tìnnì náà ló ń ránṣẹ́ sí òun pé ibi báyìí lòun wà. Mo bi í pé látìgbà tó ti wà lábẹ́ mi, ṣé ó ń sọ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Ó ní rárá, ibi tó wà nìkan ló ń sọ. Mo tún bi í, nítorí mo ti sọ nǹkan kan nípa ìyàwó pásítọ̀ lórí ibùsùn yẹn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Beatrice dojú kọ̀ǹpútà náà dé. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ ha ikùn rẹ̀, ó fẹ́ pa ìkọ̀wé náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti jinlẹ̀ ju ọ̀bẹ lọ. Mo tẹ̀ síwájú, mo rí Ṣógúnlé níbẹ̀, mo rí 'g' rẹ̀ tó na ìrù sílẹ̀ bíi ti ọ̀bọ, bó o ṣe ń kọ ọ́ látìgbà tó o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Inú mi dùn. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ló kọ èyí, kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún wo ara wọn. Ojú tí wọ́n fi wò mí lẹ́yìn náà yàtọ̀.

Ìgbà yẹn ni Olúbọ̀wálé tó sọ ọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ti ń sọnù tipẹ́, pé ìwọ àti Kọ́láolúwa nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń tì wọ́n mọ́, pé nígbà tí bọ́tìnnì yìí ní Aráròmí lòun wà, òun béèrè ibi tí olúkúlùkù ti wá, wọ́n ní Aráròmí nilé rẹ. Kọ́láolúwa ló wá rán òun létí pé ìyá rẹ wá kí ọ, tòun ti báàgì ńlá. Ó ní níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ni òun ti ní kí o lọ jókòó sílé.

Ìsinmi tí o sọ fún mi nìyẹn.

Mo jókòó sórí ibùsùn. Ẹ̀rín tó ti wà lẹ́nu mi láàárọ̀, mi ò mọ ibi tó gbà. Mo rò ó pé o ti wà nínú yàrá yẹn ní Ìsọlọ̀, o ò lọ síbi iṣẹ́, o ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pè ọ́ lólè, èmi sì ń sọ fún ọ pé kí o jẹ ẹ̀fọ́. Mo sọ fún wọn pé ẹrù Kọ́láolúwa nìyí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sínú báàgì mi, ọmọ mi ò mọ̀. Mo rí i pé Olúbọ̀wálé ń wò ó bóyá irọ́ ni.

Beatrice ló béèrè ẹni tó yẹ kó wá gbà á. Mo ní Aaron, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n pè é, kí n ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo ní mi ò lè parọ́ lórí fóònù, owó ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ohun tó bá wà níwájú mi ni mo máa sọ. Mo pè é. Mo ní, "Aaron, àwọn èèyàn ti dé láti Èkó nítorí ẹrù rẹ. Wọ́n ti tú u, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun gan-an ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ lónìí." Èwo ni irọ́ níbẹ̀? Aaron ní kí n má jẹ́ kí wọ́n lọ, òun ń bọ̀ kíákíá.

Mo ti pa adìyẹ kan látìgbà tí mo ti rò pé àna ni wọ́n, kò sì sí bí mo ṣe lè dá ẹ̀mí rẹ̀ padà, nítorí náà mo sè é. A ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà gbé Aaron dé. Ó rí Olúbọ̀wálé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó rí mọ́tò, inú rẹ̀ dùn. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní nǹkan kan tó fi ní:

"Ọ̀gá, ojúlówó ni o. Ẹnu iṣẹ́ ni Kọ́lá ti ń mú wọn jáde fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ sí i, ó ṣì kù níbẹ̀."

Beatrice gbé apá adìyẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó yọ káàdì rẹ̀. Bàbá Súnkànmí sọ fún Aaron pé kó wò ó dáadáa, fọ́tò náà dára. Aaron ò tiẹ̀ rí fọ́tò, ọ̀nà ló ń wò, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó gbé e wá ti lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí Kọ́láolúwa ṣe ń ta kọ̀ǹpútà wọn fún òun, tó sì jẹ́ pé láti ìgbà tí ọlọ́dẹ ti ń tú báàgì ni kò ti rọrùn mọ́, ó wá rí ìyá arúgbó kan tí ẹnikẹ́ni ò ní tú tirẹ̀. Èmi nìyẹn. Beatrice pe àwọn èèyàn rẹ̀ l'Ékòó. Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ìpè ti padà wá pé wọ́n ti mú Kọ́láolúwa ní yàrá ẹ̀yìn. Mi ò yọ̀. Ó pè mí ní Mọ́mì, ọmọ mi, mo sì jẹ́ ẹ lóhùn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Olúbọ̀wálé wá ń bẹ̀ mí. Ó ní òun máa pè ọ́ lórí fóònù nísinsìnyí, òun máa ní kí o padà sẹ́nu iṣẹ́. Látàárọ̀ 'ẹ' ni mo ti ń pè é, nítorí ọ̀gá rẹ ni, mo sì rò pé ọkọ ọmọ ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sórí 'ìwọ'. Mo ní, "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ibi tí o ti lé e, níwájú àwọn tó o ti lé e, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."

Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ó ṣèlérí pé lọ́jọ́ Ajé òun máa kó gbogbo òṣìṣẹ́ wá bá ọ nílé ní Ìsọlọ̀, òun á sì sọ ọ́ lójú wọn. Má ṣí ilẹ̀kùn fún un títí á fi sọ ọ́ tán, kó sọ ọ́ lóòró, kí ìyàwó tó ń dáná náà gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá fẹ́ padà, padà. Bó ò bá sì fẹ́, mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n ń wọ mọ́tò, Bàbá Súnkànmí bi Olúbọ̀wálé pé níwọ̀n ìgbà tó ti rìn jìnnà tó báyìí, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní òun ti níyàwó, òun sì ti bímọ. Bàbá Súnkànmí ní kó dá adìyẹ wa padà.

Ohun tó kù kí n sọ nìyí, má jẹ́ kó bí ọ nínú. Kọ̀ǹpútà yẹn, ẹnikẹ́ni ò fi ọmú bọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò pọ̀n ọ́n rí. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n gbé ẹ̀gúsí lé e lórí, ó ṣì ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀ pé ibi tí mo wà rèé. Ìwọ tí mo bí, ẹnu wà lára rẹ, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ, o sì ní ìsinmi lo wà. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí n sunkún. Mo ti sun ún báyìí, kò pa mí.

Bí owó bá dé ọwọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún adìyẹ mìíràn, abo ni kó jẹ́, èyí tó lọ yẹn ń yé ẹyin dáadáa. Ẹrù páànù ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ. Bá mi wo bọ́tìnnì yẹn ní Òṣòdì, wọ́n ní wọ́n ń tà á, kí n so ọ̀kan mọ́ ọmọ ewúrẹ́ wa yẹn lọ́rùn, oko Bàbá Súnkànmí ni mo máa ń bá a nígbà gbogbo, òun náà sì ti ń halẹ̀.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yanjú nínú ilé wa gan-an kò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ bàjẹ́ níbikíbi tó o bá dé. Ẹni tó bá purọ́ mọ́ ọ, ẹnu ara rẹ̀ ló máa tú u. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á jinlẹ̀, ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni ò ní lè ha á kúrò. O máa rí ọkọ tí yóò wá tọrọ rẹ lóòótọ́, tí kò ní mú ọlọ́pàá dání. Bí nǹkan bá sì tún ṣe ọ́ ní Èkó, má jókòó máa wá ohun tó o máa sọ fún mi. Ṣáà wọ mọ́tò, kó o máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́.